Ọ̀gá Ò Sí, Ẹ Padà Wá Lọ́jọ́bọ̀

Ọ̀sán Ọjọ́rú ni. Nínú ilé kan tó kọjú sí títì, ìyàwó ń ránṣọ ní yàrá inú, ọkọ rẹ̀ sì jókòó sídìí tábìlì kékeré kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, lẹ́bàá ilẹ̀kùn àbáwọlé. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó so táì mọ́ ọrùn, kò sì síbi tó ń lọ.

Akọ̀wé ni gbogbo àdúgbò ń pe ọkọ yìí. Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi jókòó sẹ́nu ọ̀nà ọ̀gá àgbà iléeṣẹ́ kan, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì ju kó máa sọ fún àlejò pé ọ̀gá ò sí. Ẹ má fojú kéré e o. Ẹ gbìyànjú ẹ̀ wò pẹ̀lú ọkùnrin tó ti rí bàtà ọ̀gá lábẹ́ ilẹ̀kùn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni wọ́n gbé ẹ̀rọ kan tó ń sọ̀rọ̀ kọ́ sára ilẹ̀kùn náà, wọ́n bá ní kí Akọ̀wé máa lọ sílé. Láti ìgbà yẹn ni oorun ti dàwátì lójú rẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó yẹ̀ ẹ́ wò ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, ó ní kó wá nǹkan tó jọ iṣẹ́ rẹ̀, kó máa fi ṣeré díẹ̀díẹ̀ nílé, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀. Akọ̀wé gbọ́rọ̀ sí nọ́ọ̀sì lẹ́nu. Ó tiẹ̀ gbọ́ ọ jù.

Ìyàwó rẹ̀ ni Ìyá Aránṣọ. Obìnrin yìí ò mọ irọ́ pa rárá. Bí aṣọ bá há ọ níkùn, kò ní sọ pé aṣọ ló sún kì. Ikùn ló máa fọwọ́ tọ́ka sí. Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, ó gba ẹ̀yìnkùlé jáde lọ da àjákù aṣọ nù, ó wá gba iwájú ilé wọlé. Apẹ̀rẹ̀ òfìfo wà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ẹ káàsán mà,” Akọ̀wé ní. Kò gbójú sókè. “Ta lẹ fẹ́ rí?”

“Mo fẹ́ wọlé ni.”

“Gbogbo ayé ló fẹ́ wọlé mà. Ta lẹ fẹ́ rí nínú ilé?”

“Akọ̀wé, èmi ni.”

Akọ̀wé ti ṣí ìwé ńlá kan, ó ti ṣí báírò. Ó ní àwọn tó ti sọ pé “èmi ni” láti àárọ̀ pọ̀, kí màmá ṣàánú òun, kí wọ́n dárúkọ, kí wọ́n sì sọ ẹni tó lè ṣe ẹlẹ́rìí wọn.

“Bàbá mi ńkọ́? Tó ń pè yín ní ọkọ ọmọ mi láràárọ̀ lórí fóònù?”

Akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní ẹlẹ́rìí gidi nìyẹn, ṣùgbọ́n ó ká òun lára láti sọ pé màdáámù wà nípàdé.

“Màdáámù wo?”

“Màdáámù tó ni ibí. Ìyá Aránṣọ.”

Obìnrin náà rọra gbé apẹ̀rẹ̀ kalẹ̀. “Ìyá Aránṣọ wà nípàdé.”

“Bẹ́ẹ̀ ni mà.”

“Pẹ̀lú ta ni?”

“Àwọn èèyàn pàtàkì.”

“Ìgbà wo ló máa parí?”

“Ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn pàtàkì, ta ló mọ̀ ọ́n mà? Ẹ padà wá lọ́jọ́bọ̀.”

Ìgbà yẹn ni Akọ̀wé tó gbójú sókè. Ó wo obìnrin náà láti gèlè dé bàtà. Ó wo kọ́tìnì tó wà lẹ́nu yàrá inú. Ó tún padà wo obìnrin náà, ó wá pa ìwé dé jẹ́jẹ́.

“O jáde, o ò sọ fún mi,” ó ní. “Láti àárọ̀ ni mo ti ń sọ fún wọn pé o wà nípàdé.”

“Sọ fún ta ni?”

“Àwọn èèyàn.”

“Èèyàn wo?”

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí ìbéèrè yìí fi le tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, oníbàárà kan ṣoṣo ò dé iwájú Ìyá Aránṣọ. Ó ti tún pátákó iwájú ilé kùn. Ó ti gbálẹ̀ títí kan ojúde aládùúgbò. Ó ti tú kọ́tìnì ojú fèrèsé, ó tún un rán, ó tún un tú, kí máṣíìnì má baà gbàgbé iṣẹ́. Ó ti wá gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé àìríṣẹ́ṣe dà bí ọ̀fìnkìn, pé bí ẹnìkan bá ti kó o wọlé, gbogbo ilé ló máa sín.

Ó na ọwọ́ sí ìwé. Akọ̀wé ní àṣírí ọ́fíìsì ni, kó kọ lẹ́tà, kó fi ránṣẹ́ sí òun, òun á gbé e yẹ̀ wò. Ìyá Aránṣọ ò fa ọwọ́ sẹ́yìn. Ó kàn ń wò ó. Akọ̀wé gbé ìwé fún un.

“‘Ọ̀gá àgbà obìnrin iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀,’” Ìyá Aránṣọ kà. “‘Yunifọ́ọ̀mù méjìlélọ́gọ́ta.’” Ó tún un kà. “Méjìlélọ́gọ́ta, Akọ̀wé?”

“Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló wá. Obìnrin yẹn ní sùúrù. Mo fẹ́ràn ẹ̀.”

“‘Dókítà eyín. Aṣọ iṣẹ́ funfun mẹ́jọ.’”

“Ìyẹn ò ní sùúrù.”

“‘Panápaná. Ṣòkòtò ya nídìí lórí àkàbà.’ Ẹ dá panápaná padà pẹ̀lú ṣòkòtò tó ya nídìí?”

Akọ̀wé ní òun yá a ní ìwé ìròyìn kan tó fi bo ẹ̀yìn lọ sílé. Ó ní òun kì í ṣe ìkà.

“‘Ọmọge tó fẹ́ ṣègbéyàwó. Gáùn há a láyà. Ó sunkún.’ Ẹ̀yin lẹ kọ ‘ó sunkún’ síbí?”

“Gbogbo nǹkan là ń kọ sílẹ̀. Mo fún un lómi mu. Mo bá a kẹ́dùn gan-an pé o ò sí nílé.”

“Mo wà nílé. Mo wà lẹ́yìn kọ́tìnì, mò ń rán kọ́tìnì.”

Ó ṣí ojú ìwé kejì, ó ṣí ẹ̀kẹta. Ó fi ìka kà wọ́n títí ó fi dé ìsàlẹ̀. Èèyàn mọ́kànlélógójì ni, yàtọ̀ sí òun fúnra rẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ apẹ̀rẹ̀.

“Wọ́n lé yín kúrò lẹ́nu iṣẹ́,” ó ní, “ẹ wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà mi, ẹ ń lé iṣẹ́ tèmi náà lọ.”

Akọ̀wé kọ́kọ́ fẹ́ sọ pé wọn ò lé òun, pé ìsinmi lòun wà. Ohun tó ti ń wí fún gbogbo ayé láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nìyẹn, fún aládùúgbò, fún nọ́ọ̀sì, fún ọkùnrin tó ń gẹrun fún un. Dípò bẹ́ẹ̀, ó gbé báírò kalẹ̀. Ó fa àga sẹ́yìn, ó wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó rẹ̀, tòun ti táì.

“Wọ́n lé mi lóòótọ́,” ó ní. “Ìyá ọmọ mi, bí mo bá sọ fún èèyàn pé ọ̀gá ò sí, tó yí padà, tó ń lọ, ìgbà yẹn ni mo máa ń mọ̀ pé èmi wà. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti lé mi, mi ò mọ̀ bóyá mo wà mọ́.”

“Ẹ wà,” Ìyá Aránṣọ ní. Àánú rẹ̀ ti ń ṣe é, inú ṣì ń bí i. “Ẹ wà dáadáa. Ẹ tiẹ̀ ti wà jù, ìyẹn gan-an ló kó bá wa.”

Akọ̀wé ní ohun tó dun òun jù ni ẹ̀rọ yẹn. Ó ní ṣé ìyàwó òun mọ nǹkan tó ń sọ? Bí àlejò bá ti tẹ bọ́tìnnì báyìí, ẹ̀rọ á ní: “Ó wà. Ẹ wọlé.” Kò ní béèrè orúkọ. Kò ní béèrè ohun tí wọ́n bá wá. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ló ń da sílẹ̀ fún gbogbo ẹni tó bá ti ní ìka ọwọ́. Ó ní àwọn tó ṣì wà níbẹ̀ sọ fún òun pé ọ̀gá ti fo ojú fèrèsé sá fún àlejò lẹ́ẹ̀mejì.

Ìyá Aránṣọ fi etí ìró nu ojú. Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì. Ó ní kò burú, ọ̀rọ̀ ti ṣẹlẹ̀, kí àwọn wá ọ̀nà pe àwọn èèyàn yìí padà. Ọjọ́ wo ló dá fún wọn?

“Ọjọ́bọ̀.”

“Ọ̀gá iléèwé yẹn?”

“Ọjọ́bọ̀.”

“Panápaná?”

“Ìyá ọmọ mi, Ọjọ́bọ̀ ni fún gbogbo wọn. Iṣẹ́ la kọ́.” Akọ̀wé dìde, ó gbọn ṣòkòtò. Èèyàn á rò pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi jẹ ọ̀gá iléèwé. “Ohun tí àwọn ọmọ òde òní ò mọ̀ nípa iṣẹ́ yìí nìyẹn. Ọjọ́ tí o bá dá fún àlejò, ọ̀gá ò gbọ́dọ̀ sí níbẹ̀ lóòótọ́. Ọ̀gá mi kì í wá síbi iṣẹ́ lọ́jọ́bọ̀. Ìwọ náà, ọjọ́bọ̀ lo máa ń lọ wo màmá rẹ. Bí àlejò bá dé, màá ṣí kọ́tìnì sílẹ̀ gbayawu fún un, á yọjú wò ó fúnra ẹ̀, kò ní rí ẹnìkan. Ta ló máa wá pè mí lópùrọ́?”

“Àwọn tó wá lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá ńkọ́?”

“Mo ṣí kọ́tìnì. Wọ́n yọjú.”

“Lẹ́yìn náà?”

“Mo dá ọjọ́bọ̀ mìíràn fún wọn.”

“Èwo?”

Akọ̀wé fọwọ́ pa táì rẹ̀. “Ọ̀la.”

Ìyá Aránṣọ ní ṣé díẹ̀ nínú wọn ló ń sọ. Akọ̀wé ní gbogbo wọn ni, aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ ti fẹ́ dìjà lọ́sẹ̀ tó kọjá, dókítà eyín fa òun ní táì, òun bá búra pé ọ̀la yìí kò ní yẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ìyàwó òun fọkàn balẹ̀. Kó tètè jáde lọ sọ́dọ̀ màmá rẹ̀ láàárọ̀ ni, òun á bójú tó ìyókù.

“Màmá ti lọ sọ́dọ̀ àbúrò mi látàná,” Ìyá Aránṣọ ní. “Ìparí oṣù ni wọ́n ń bọ̀. Ilé ni mo máa wà lọ́la.”

Ẹ ò rí ojú Akọ̀wé. “O ò lè wà nílé.”

“Ilé mi ni.”

“Láti ọdún mọ́kàndínlógún, mi ò dá ọjọ́ fún àlejò rí kí ọ̀gá wá wà níbẹ̀. Kí ni mo fẹ́ sọ fún wọn?”

Ìyá Aránṣọ dìde nílẹ̀. Ó ń wo ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà. Èèyàn méjì ò lè dúró ní ìbú rẹ̀. Èèyàn mọ́kànlélógójì ń bọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, inú ń bí gbogbo wọn, ọ̀kan nínú wọn ń sunkún, ọ̀kan ò sì lè kẹ̀yìn sí ẹnikẹ́ni. Bí kò bá sí ẹni tó máa tò wọ́n, wọ́n á fa kọ́tìnì ya, wọ́n á fa òun náà ya. Ẹni tó mọ orúkọ wọn ló máa bá a ṣe é, ẹni tó mọ ohun tí kálukú bá wá, tó lè sọ fún dókítà pé kó jókòó, kí dókítà sì jókòó. Ó wo ọkọ rẹ̀.

“Akọ̀wé, mo gbà yín síṣẹ́ fún ọ̀la.”

Akọ̀wé béèrè ìgbà tí ìsinmi ọ̀sán máa jẹ́. Ìyàwó ní kò sí. Ó béèrè bóyá tábìlì náà ṣì máa jẹ́ tòun. Ìyàwó ní tiẹ̀ ni. Ó ní ó ku nǹkan kan ṣoṣo: lọ́la, kò gbọ́dọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun ò sí. Bí wọ́n bá ti dé, kó ní: “Ó wà. Ẹ wọlé.”

“Ohun tí ẹ̀rọ yẹn ń sọ nìyẹn.”

“Ẹ gbìyànjú ẹ̀.”

Ìyá Aránṣọ bọ́ síta, ó pa ilẹ̀kùn dé, ó kan ilẹ̀kùn. Ó fún ohùn rẹ̀ pọ̀ bí ohùn olùkọ́, ó ní ṣé Ìyá Aránṣọ wà.

“Ó…” Akọ̀wé ní.

“Mo ń gbọ́ yín.”

“Ó w…” Òógùn ti bò ó. “Ó wà nípàdé.”

“Ẹ yọ ìpàdé kúrò.”

“Ó wà lọ́nà.”

“Ẹ yọ ọ̀nà kúrò.”

“Ó wà, ṣùgbọ́n…”

“Ta ló bi yín ní ‘ṣùgbọ́n’?”

Ó ní kó di férémù ilẹ̀kùn mú, kó di ojú, kó ṣe é bí ẹni tó fẹ́ gbé oògùn kíkorò mì. Akọ̀wé ṣe é lẹ́ẹ̀kejì, ó sọ pé màdáámù wà ní balùwẹ̀. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀kẹta, ó sọ pé màdáámù wà, wọn ò kàn sí níbí. Lẹ́ẹ̀keje ni nǹkan kan já nínú rẹ̀. Ó mí kanlẹ̀, ó ṣílẹ̀kùn.

“Ó wà,” ó ní. “Ẹ wọlé.”

Ó jókòó, ó béèrè omi. Ìyá Aránṣọ pàtẹ́wọ́ fún un bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́sẹ̀. Nígbà tó mu omi tán, ó ní kí òun tún sọ ọ́. Ó sọ ọ́ fún àga. Ó sọ ọ́ fún kọ́tìnì fèrèsé. Ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mọ́ ọn lẹ́nu, ó ń sọ ọ́ lọ sókè sódò ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Fóònù rẹ̀ dún lórí tábìlì. Ó gbé e. Ohùn ọkùnrin kan béèrè bóyá Akọ̀wé wà nítòsí.

“Ó wà,” Akọ̀wé ní. “Ẹ wọlé.”

Lẹ́yìn ìyẹn, ó ń tẹ́tí sílẹ̀. Ó ń mi orí nìkan, ojú rẹ̀ sì ń yí padà. Ó ní kí wọ́n dúró ná, ó fọwọ́ bo fóònù, ó sì sọ ọ́ fún ìyàwó rẹ̀ ní ohùn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Iléeṣẹ́ tó ń ta táyà ni, ọ̀kan nínú iléeṣẹ́ mọ́kànlá tóun kọ̀wé wáṣẹ́ sí. Àlejò ò jẹ́ kí ọ̀gá wọn ráyè ṣiṣẹ́, wọ́n ń wá ẹni tó máa jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Èèyàn méjì ló kù nínú àwọn tí wọ́n ṣà. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló ni ín. Ọ̀la, aago mẹ́jọ.

“Wọ́n fẹ́ mi,” ó ní. Omi ti lé sí i lójú. “Ìyá ọmọ mi, ẹnìkan fẹ́ mi.”

Àwọn méjèèjì wo fóònù. Àwọn méjèèjì wo ìwé ńlá tó wà lórí tábìlì. Bó bá lọ, èèyàn mọ́kànlélógójì á tú ilé ká. Bí kò bá lọ, ẹnì kejì á dé ibẹ̀ ṣáájú rẹ̀, ó sì di kó tún kọ lẹ́tà mọ́kànlá mìíràn. Akọ̀wé ní òun á sọ fún wọn pé òun ò lè wá, ó sì gbé fóònù sétí. Ìyá Aránṣọ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tún gèlè wé, ó fọwọ́ gbá àyà mú.

“Ẹ káàsán sà,” ó ní. “Akọ̀wé ò sí nílé.”

Ohùn náà ní báwo ni, ṣebí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ bá a sọ̀rọ̀ tán ni, ó tiẹ̀ ní kí òun wọlé.

“Ẹ̀rọ ni sà. A ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e síbẹ̀ ni. Gbogbo ẹni tó bá ti pè ló máa ń sọ fún pé ó wà, kí wọ́n wọlé. Ó ti sú wa, a fẹ́ lọ dá a padà. Akọ̀wé fúnra wọn wà nípàdé pẹ̀lú èèyàn mọ́kànlélógójì, ìpàdé yẹn ò sì lè parí kí ilẹ̀ ọ̀la tó ṣú.”

Ẹnu Akọ̀wé là sílẹ̀. Láti ọdún mọ́kàndínlógún, kò tíì gbọ́ èyí tó mọ́ tó báyìí. Ó jókòó sídìí tábìlì, ó ṣí ìwé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ sílẹ̀ kó má baà gbàgbé.

Ìyá Aránṣọ kọ ẹ̀yìn sí i. Ó gbọ́rọ̀ fún ìgbà pípẹ́, ó sọ nǹkan méjì mẹ́ta ní ohùn ìsàlẹ̀, ó dúpẹ́, ó gbé fóònù sílẹ̀.

“Wọ́n ti mú ẹnì kejì,” Akọ̀wé ní.

“Wọ́n ní kí ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, aago mẹ́jọ. Ọ̀gá wọn gan-an ló wà lórí fóònù. Ó ní bí ìyàwó bá mọ àlejò lé tó báyìí, ọkọ ibẹ̀ á ti di àgbà ọ̀jẹ̀, kí wọ́n má wulẹ̀ dúró de ẹnì kejì mọ́.”

Akọ̀wé fi táì nu ojú, ó sì fi nu imú pẹ̀lú, ó di kí ìyàwó rẹ̀ fọ̀ ọ́ kílẹ̀ ọ̀la tó mọ́. Nígbà tó yá, ó ní ó ṣe òun bíi pé wọ́n ṣì sọ nǹkan mìíràn lẹ́yìn ìyẹn.

“Ó béèrè bóyá èmi náà ń wáṣẹ́. Ó ní tèmi tiẹ̀ lè dáa ju tiyín lọ.”

“Kí lo wá sọ fún un?”

Ìyá Aránṣọ ti gbé kọ́tìnì sókè, ó ń lọ sídìí máṣíìnì rẹ̀.

“Mo ní kó padà pè mí lọ́jọ́bọ̀.”